Wàláà Tí Mo Ní Mo Ti Fọ̀

Bí ẹ bá dé ibi ayẹyẹ wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú kan ní Ìlobù lọ́dún yìí, tí ẹ rí ọmọbìnrin kan tó gbé wàláà ìkéwú lásán, igi gbẹrẹfu tí kò ní àwòrán kankan lára, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wàláà tiwọn ń tàn yanran, ẹ má bi ọmọ náà ní ìdí. Kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ bi. Èmi nìyẹn.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Ìlobù ni wọ́n ti bí mi, Ìfọ́n ni mo lọ́kọ sí. Nínú ilé bàbá mi, èmi ni wọ́n máa ń sọ pé kì í gbàgbé nǹkan. Ta ni wọ́n bí tẹ̀lé ta ni, ta ló ṣe wòlímọ̀ ní ọdún tí ìjì ká òrùlé mọ́ṣáláṣí lọ, ta ló wà lápá òsì nínú fọ́tò ìgbéyàwó Bàbá: èmi ni wọ́n ń bi. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ náà. Mo kàn fẹ́ràn kí nǹkan má sọ nù ni. Gbólóhùn yẹn ni mo fi tan ara mi jẹ.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Zàíd, ló máa ń ya àwòrán sára wàláà fún àwọn ọmọ tó bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Kì í lo ọ̀dà. Tàdáà tí àwọn oníkéwú fi ń kọ̀wé ni, àti osùn, àti omi ewé tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gún. Ó ní ohun tó bá wà lára wàláà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí omi lè gbà padà.

Kì í ya àwòrán kan náà fún ọmọ méjì, ìbáà jẹ́ ìbejì. Yóò wá ohun kan nínú ayé ọmọ náà, yóò fi í sáàárín iṣẹ́ ọnà náà, tó jẹ́ pé ará ilé nìkan ni yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ni wàláà bá sì kú, àṣà ilé wa ni pé kí wọ́n fọ wàláà rẹ̀, kí wọ́n da omi náà síbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ ẹ́.

"Ẹni tó ni ín ti lọ," Ìyá máa ń sọ. "Kí ni tirẹ̀ tún ń wá láyé?"

Zàíd ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá bí. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn láti Ìlobù lọ sí Òṣogbo níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tó ṣe wòlímọ̀, Ìyá ya táyà kẹ̀kẹ́ sáàárín wàláà rẹ̀, ó fi ewé ìbẹ́pẹ yí i ká. Gbogbo sípóòkù táyà náà ló pé, àfi ẹyọ kan tó ṣẹ́. Ọjọ́ tí Zàíd kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà, etí kànga ló lọ kọlù, sípóòkù kan ṣẹ́, ó ru kẹ̀kẹ́ lórí wálé pẹ̀lú ẹkún.

"Ìyá, ẹ ò ní jẹ́ kí n gbàgbé!" ló pariwo nígbà tó rí wàláà náà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí.

Ibà ló pa á lọ́dún 1997. Kò tíì gbéyàwó.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá pè mí sí yàrá. Ó ti fi gèlè wé wàláà náà.

"Àṣàbí," ó ní. Oríkì mi ló máa ń pè mí, kì í pe orúkọ mi. "Ọwọ́ mi ò lè ṣe é. Bá mi fọ̀ ọ́."

"Màá fọ̀ ọ́, Ìyá mi."

"Má sọ ibi tí o bá da omi rẹ̀ sí fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni màá máa lọ jókòó sí."

Mo bu omi kànga sínú abọ́. Mo gbé wàláà lé itan. Mo wo sípóòkù tó ṣẹ́ yẹn, ọwọ́ mi kọ̀, kò wọnú omi. Mo ní kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ná. Mo yà á tán, mo ní ó di ọ̀la. Mo da omi náà sẹ́yìn ilé ìdáná bí mo ṣe bù ú, mo sì gbé wàláà lọ sí Ìfọ́n, sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi.

"O ti fọ̀ ọ́?" Ìyá bi mí.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá mi."

"Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tó máa sin ọ́." Ó dì mọ́ mi, ó sì sunkún sí mi léjìká.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, bóyá ǹ bá máa pè é ní ìfẹ́.

Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, tí a sì ń ṣe fótókọ́pì. Èmi àti Dinah la jọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni Dinah ti máa ń wọkọ̀ wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n náà ló kọ́ ọ ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọ̀gá wa so kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mọ́ wáyà tẹlifóònù lọ́dún 1998, Dinah nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, á já lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Lọ́jọ́ kan, ó rí fọ́tò wàláà Zàíd nínú báàgì mi.

"Yéè! Ta ló ya èyí?"

"Ilé wa ni."

"Ṣé ìwọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ta Ìyá.

"Rísí, àwọn òyìnbó wà tó ń ra irú èyí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," Dinah ní. "Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti rà á, inú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n á kó o pamọ́ sí."

"Wọn ò ní gbé e kọ́ ògiri?"

"Rárá o."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun tí ìwọ ń fi fọ́tò gbogbo ará ilé yín ṣe nínú àpótí. Àbí ò ń sè é jẹ ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà ní méjì, àwọn olówó wọ̀nyẹn kò ní fojú wò ó. Wọ́n fẹ́ èyí tí ẹlòmíràn kò ní. Ẹnu mi ló ṣe mí: mo sọ àṣà fífọ wàláà fún un.

Dinah fò sókè. "Òun gan-an nìyẹn! A ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ni wàláà ti kú, wọ́n ti fọ̀ ọ́, èyí nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́ lóòótọ́?"

Wàláà wà lábẹ́ aṣọ mi ní Ìfọ́n.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́," ni mo sọ.

Báyìí ni omi tí n kò lò ṣe di ohun tí mo fi purọ́ fún ìyá tó fi mí ṣe ọmọ, tí mo tún fi purọ́ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí.

"Orúkọ ta ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀?" Ọwọ́ Dinah ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

Mo rántí Ìyá lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, tó ń fi osùn kun ewé ìbẹ́pẹ. Mo rántí i dáadáa. Mo sọ fún yín pé n kì í gbàgbé nǹkan.

"Kọ Rísíkátù, ará Ìlobù."

A fi ẹ̀rọ gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n Dinah sì bá wa gbé e síta. Kò pẹ́, ọkùnrin kan lókè òkun rà á. Inú owó náà ni mo ti ra ìborùn fún Ìyá, ó sì ń fi í kírun, ó ń ṣàdúrà fún mi. Àmọ́ owó kọ́ ló pa mí. Í-méèlì tí ọkùnrin náà kọ ni. Ó pè mí ní ayàwòrán. Ó ní ọgbọ́n ńlá ló wà nínú sípóòkù tó ṣẹ́ yẹn, ó ní ó ń fi hàn pé ayé kò pé. Èmi tí wọ́n ń pè láti wá sọ ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà ti di ẹni tó ṣe nǹkan. Mo ka í-méèlì náà títí mo fi gbàgbọ́ pé èmi ni mo yà á.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà tún kọ̀wé, kò sì kí wa. Ó ní òun ti rí àwòrán náà níbòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé oníjìbìtì ni wá.

"Wọ́n ti jí i," Dinah ní.

"Báwo ni wọ́n ṣe jí i? Kò sí níbi tí a gbé e sí mọ́ ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Bí olè tibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹrù rẹ lọ, ẹrù rẹ kò sì ní kúrò nílé."

Inú bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú bí *mi*. Mo ń ké olè, olè, kiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yẹn ń sún mọ́lé, Ìyá wá bá mi ní Ìfọ́n. Kò jókòó, kò gba omi. Kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ ló mú dání, èyí tí Áfáà àdúgbò wa ní kí wọ́n tẹ̀ fún ìlú, tó ní àkókò sààrì àti ìṣínu. Lókè rẹ̀ ni táyà kẹ̀kẹ́ Zàíd wà, pẹ̀lú ewé ìbẹ́pẹ rẹ̀.

"Àṣàbí, gbogbo ilé tí mo wọ̀ ni mo ti ń bá a. Ilé ìyá aláṣọ, ilé oníkẹ́míìsì. Wọ́n fi ìṣó kan ọmọ mi mọ́ ògiri kiri ìlú."

"Ìyá mi, ẹ jókòó."

"Wò ó." Ó fi ìka tọ́ka sí táyà náà. "Wọ́n ti fi sípóòkù tó ṣẹ́ sí i padà. Ẹni tó ṣe é rò pé mo ṣe àṣìṣe ni. Kò mọ Zàíd."

N kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́, àbí? Kò sẹ́ni tó rí i lọ́wọ́ rẹ kí o tó fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún mi nìyí. Ká ní mo gba ibẹ̀ jáde ni, ìyà ì bá jẹ mí, ìtìjú ì bá sì mọ sáàárín àwa méjèèjì. Mo fọwọ́ ara mi tì í.

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá mi. Olè ni onítẹ̀wé yẹn. Ọjọ́ wòlímọ̀ Zàíd ló máa ti wò ó sórí."

"Ojú olè mà mú o!" Ó fi etí ìborùn tí mo rà fún un nu ojú. "Bá mi lọ bá a. Ìwọ lo kàwé. Sọ fún un pé kì í ṣe òdòdó lásán, pé ọmọ mi ni."

Ọlálékan ni orúkọ onítẹ̀wé náà. Ọmọ Ìfọ́n ni, Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mo wọlé tọ̀ ọ́ láìkí ẹnikẹ́ni.

"Níbo lo ti rí àwòrán yìí?"

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó wa. Ẹ kú iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀ ni?"

"Mo ní níbo lo ti rí i!"

"Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ gbalasa, kò sí géètì, kò sí ajá. Ta ni mo fẹ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo yà á."

Ọlálékan wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyàwó wa, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí lábẹ́ rẹ̀ kiri. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ará Íńdíà ló yà á. Ẹ lọ tò sẹ́yìn wọn."

Àwọn tó ń dúró gba ìwé ìkésíni bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láàárín wọn ní, "Ayàwòrán tí kò ní àwòrán! Bí aláṣọ tó wà níhòòhò!"

"Mo ní in," ni mo sọ. "Ìpilẹ̀ rẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Áfáà ló gbéṣẹ́ fún mi. Ẹ gbé e wá síwájú Áfáà. Bí mo bá fojú mi rí i, màá dọ̀bálẹ̀, màá sì lọ kó gbogbo kàlẹ́ńdà náà padà."

Ó yẹ kí n padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn wà létí mi. Mo ṣètò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣètò gbogbo nǹkan. Ìyá fẹ́ lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọjọ́ tó máa lọ gan-an ni mo mú. Áfáà kì í ṣe ọmọ ilé wa, kò tíì pẹ́ tó dé àdúgbò wa, kò mọ àṣà wa nípa wàláà òkú. Yóò rí i, Ọlálékan yóò rí i, màá wé e padà.

Lẹ́yìn ìrun àláásàrì, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní ní ilé Áfáà, mo sì tú gèlè lára wàláà.

"Máṣàálláhù!" Áfáà ní. "Ọwọ́ rẹ ló ṣe èyí, ọmọ mi?"

"Ọwọ́ mi ni, Áfáà."

Ọlálékan tẹ orí wò ó. Ó fi ìka tọ sípóòkù wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan àyè tó ṣófo.

"Mo gbà," ó ní. "Èmi ni mo fi kún un. Mo rò pé inú kọ̀ǹpútà ló ti já bọ́ ni. Ẹ̀dà ni tèmi, ìpilẹ̀ nìyí. Ìyàwó wa, ẹ má bínú."

Kò sí ohun tó dùn tó o láyé mi rí. Mo ti borí.

"Ohun kan ló kù," Ọlálékan ní, kò sì sí ibi nínú ohùn rẹ̀. "N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ Ìfọ́n kan dọ̀bálẹ̀ fún èké. Wọ́n sọ fún mi nílé Ìyá Zàíd pé wọ́n lọ sí Ẹ̀rìn, mo sì ti ránṣẹ́ sí wọn níbẹ̀ láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ wàláà tó wọn."

Mo na ọwọ́ sí gèlè.

"Ẹ kú ilé o! Áfáà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ìyá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ekuru ojú ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Àṣàbí! Wọ́n ní o ti mú olè náà."

Ó rí wàláà.

Kò pariwo. Ó wá, ó rọra jókòó sórí ẹní. Ó fi ìka kan ewé ìbẹ́pẹ, ó gbé ìka náà sí imú.

"Osùn mi nìyí," ó ní. "Ta ni wọ́n ní ó yà á?"

Áfáà tí kò mọ nǹkan kan ló dáhùn. "Ọmọ yín yìí ni, Ìyá. Ó ní ọwọ́ òun ni."

"Ọwọ́ rẹ̀?"

Ìyá yíjú sí mi.

"Rísíkátù." Láti kékeré mi, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Rísíkátù, omi wo ni o dà nù?"

"Omi kànga ni, Ìyá mi. Kò kan nǹkan kan."

"Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń rìn nínú agboolé, ilẹ̀ ni mò ń wò. N kò gba ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́. N kò gba ìdí orógbó mọ́. Mò ń rìn bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, kí n má baà fẹsẹ̀ tẹ omi ọmọ mi."

Mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí.

"Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní bútà àlùwàlá yín, pẹ̀lú abọ́ kan."

Níṣojú gbogbo wa ló fọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ní kò lè ṣe é ló fi ṣe é. Ewé ló kọ́kọ́ lọ, táyà tẹ̀ lé e, omi inú abọ́ pọ́n, ó sì dúdú. Ó ń fi àtàńpàkò ra igi náà títí tí kò fi sí ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́. Ọlálékan ti dọ̀bálẹ̀, n kò mọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún.

Ìyá gbé abọ́ náà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ìyá mi?"

"Èyí tí wọ́n ń rí lókè òkun. Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ ìyẹn?"

Mo wo Ọlálékan. Ọlálékan wo ẹní.

Ọlálékan kó àwọn kàlẹ́ńdà náà padà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n Dinah yọ tiwa kúrò. Ó ní àwọn tó kù kò sí lọ́wọ́ òun, pé bí òun bá yọ ọ̀kan, òmíràn á hù. Mo kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó rà á. Ó dáhùn pé kò burú, pé bí ìpilẹ̀ igi náà bá ṣì wà, òun á rà á. Mo ní wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí gbólóhùn yẹn jẹ́ òótọ́ lẹ́nu mi nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkùnrin náà kò gbà á gbọ́.

Ìyá dá ìborùn mi padà. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn. Ó ń bi mí nípa ọkọ mi. Rísíkátù ni ó ń pè mí.

Lọ́dún yìí, ó kan Mùíbátù ọmọ mi láti ṣe wòlímọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun á wá. Ó wá lóòótọ́, ó fún ọmọ náà ní gèlè tuntun, ó bá a jókòó, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ké Kùránì. Ṣùgbọ́n kò mú tàdáà wá, kò mú osùn wá.

"Ìyá àgbà," Mùíbátù bi í, ó gbé wàláà rẹ̀ lásán dání, "kí ló dé tí ẹ ò ya tèmi?"

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Nítorí ìyá rẹ ni, ọmọ mi. Ohunkóhun tí mo bá yà fún ọ, ìyá rẹ kò ní jẹ́ kí ó kú láé."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé wọ́n ń yìn mí ni.